Skríìdì olómi lórí hítìn abẹ́ ilẹ̀: bó ṣe rí nílé wa ní Dartford, nílùú Ọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ronú àtifi hítìn (páìpù omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru) sábẹ́ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Oṣù mẹ́jọ rèé tá a ti ń lo tiwa, òtútù dé, ó sì ti lọ, mo lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ báyìí. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ yẹn, màá sọ ibi tí ẹyọ kan tó kù bọ́ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, skríìdì tí mò ń wí yìí kì í ṣe tara ògiri o. Ní Nàìjíríà tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ ṣe skríìdìn, ògiri ni wọ́n fẹ́ rẹ́ kó dán kó tó gba ọ̀dà. Níbí, ilẹ̀ ni, ohun tí wọ́n ń dà bo páìpù hítìn kí táìlì tó dé ni.

A fa kíṣìnnì wa sẹ́yìn, ó wá di skúẹ̀ mítà 32, gíláàsì ló gba gbogbo ẹ̀yìn, kò sí ògiri tá a máa gbé rédíétọ̀, ìyẹn irin ara ògiri tó ń mú ilé gbóná, kọ́. Màmá mi náà sì máa ń wá láti Abẹ́òkúta, òtútù ilẹ̀ kíṣìnnì àtijọ́ yẹn máa ń mú wọn lórúnkún débi pé ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń wọ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Bíríkìlà wa kọ́kọ́ ní ká lo yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí gbogbo wa mọ̀. Kò burú, àmọ́ ó ní lórí fóòmù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kí ooru má bàa wọlẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ nípọn tó mílímítà 75, ilẹ̀kùn wa ò sì fi àyè yẹn sílẹ̀. Èyí olómi tí wọ́n ń pè ní anhydrite, tó jẹ́ ìran jípísọ́ọ̀mù (ohun tí wọ́n fi ń ṣe POP), mílímítà 50 ti tó o, torí páìpù wa jẹ́ 16, ó sì ṣì máa rí bí 30 tó máa bò ó lórí. Ohun tó wá wù mí jù ni pé bó ṣe ń ṣàn yẹn, ó máa ń wọ abẹ́ páìpù, ó wọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò ní fi àyè kankan sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ooru á wá rọ́nà gbà jáde dáadáa.

Ìpalẹ̀mọ́ ló gba àsìkò jù. Fóòmù mílímítà 100 lọ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ọ̀rá lé e, wọ́n fi téèpù lẹ gbogbo ojú ẹ̀ pa kí skríìdì má bàa jò sábẹ́ fóòmù, wọ́n tún fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ ògiri ká, torí skríìdì máa ń fẹ̀ díẹ̀ tó bá gbóná. Púlọ́ńbà wá fi kílíìpù mú páìpù mọ́lẹ̀, àlàfo 150 sí ara wọn, ó bu omi kún un, ó fún un ní prẹ́ṣọ̀ bar 6, ọwọ́ gééjì ò mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni da nǹkan lé páìpù tí omi ò sí nínú ẹ̀. Ó máa léfòó ni, tó bá sì jò, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tètè mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dà á gan-an, àwọn mẹ́ta ló wá pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní pọ́ǹpù, wọ́n na họ́ọ̀sì gba kọ́rídọ̀ wọlé, wákàtí kan àtààbọ̀ ò pé tí wọ́n fi parí. Wọ́n á dà á, wọ́n á fi ọ̀pá gbọọrọ kan máa gbá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè jáde, ó sì tẹ́jú bí omi inú àwo. Igun kan wà tí kílíìpù ò pọ̀ tó, páìpù fẹ́ gbérí níbẹ̀, ọmọ tó kéré jù nínú wọn ló rí i tó pariwo, wọ́n pa pọ́ǹpù, wọ́n tún un mú mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an, ẹlòmíì á kàn dà á bò ó ni. Lọ́jọ́ kejì a ti ń rìn lórí ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ rèé. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni táìlà lè wá, wọ́n ní "ọ̀sẹ̀ díẹ̀", wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ Ìjẹ̀bú ló ń bá wa ṣe táìlì, ìgbà tó wá wo ilẹ̀ ló kúnlẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ha á, lẹ́búlẹ́bú funfun ń bọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má tíì ra gọ́ọ̀mù o, awọ orí ẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kúrò, táìlì ò ní dì í mú." Mo pe àwọn tó dà á, wọ́n ní yíyún awọ yẹn kúrò ò sí nínú owó tá a san. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní bínú. Ẹlòmíì ló wá fi ẹ̀rọ yún un, £280. Máàkì kan yẹn lọ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló là mí lóye lórí gọ́ọ̀mù. Èyí tó jẹ́ sìmẹ́ńtì, tó bá kan anhydrite ní tààràtà tí ọ̀rinrin sì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì máa ń jà ni, nǹkan kan á hù láàárín wọn bí iyọ̀ dídì, á máa ti táìlì sókè títí á fi ṣí. Práímà, ìyẹn ohun olómi tí wọ́n ń kùn sílẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó dé, gbọ́dọ̀ wà láàárín, tàbí kẹ́ ẹ ra gọ́ọ̀mù tó jẹ́ ti jípísọ́ọ̀mù. Práímà la lò, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi kùn ún.

Gbígbẹ ẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ni mílímítà kan lóòjọ́ fún 40 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ìdajì mílímítà lóòjọ́, nítorí náà 50 tiwa máa tó ọgọ́ta ọjọ́ tá ò bá ràn án lọ́wọ́. (Ká ní sìmẹ́ńtì 75 yẹn la lò, ó máa tó ọgọ́rùn-ún.) Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ a ti fèrèsé pa, lẹ́yìn ẹ̀ a ṣí i sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Nígbà tó pé ọjọ́ méje púlọ́ńbà tan hítìn, omi 25 digírì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó wá ń fi márùn-ún márùn-ún kún un lóòjọ́ títí dé 45. Kẹ́ ẹ má ṣe gbé e ga lójijì o, ó lè sán.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún wọ́n lẹ ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin mọ́lẹ̀, ó ka ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì gbọ́dọ̀ wá sí 75 tàbí kó kéré síyẹn. Bàbá àwọn ọmọ ní ká ṣáà lẹ̀ ẹ́, torí pálọ̀ la ti ń fi sítóòfù kékeré dáná, gbogbo aṣọ wa ń rùn fún ata díndín. Mi ò gbà. Lọ́sẹ̀ kẹjọ ó ka 72, táìlì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, títí dòní kò sí ẹyọ kan tó mì.

Lílò ẹ̀ yàtọ̀ sí rédíétọ̀, ẹ má máa tàn án kẹ́ ẹ tún máa pa á. Tiwa máa ń tó wákàtí méjì kó tó yí padà, a kàn fi í sórí ìwọ̀n ooru kan ni. Ẹ má sì dà á sí bálùwẹ̀ tí omi ń dúró, òun àti omi kì í ṣọ̀rẹ́, ti sìmẹ́ńtì ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀.

Ohun kan ṣì wà. Kí wọ́n tó dà á, ẹ tẹ́ téèpù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ láti igun kan dé ìkejì. Nígbà tí àwọn tó ń to kọ́bọ́ọ̀dù dé tí wọ́n fẹ́ lu ihò sílẹ̀ fún tábìlì àárín kíṣìnnì, fọ́tò yẹn ni mo ṣí fún wọn lórí fóònù, ibi tí wọ́n ti fi pẹ́ńsù sàmì sí, páìpù kọjá lábẹ́ ẹ̀ gẹ́lẹ́.