Iná òpó àbí sólà fún ilé oko: ohun tí ojú mi rí ní ọ̀nà Ọ̀dà

Ilẹ̀ tí mo rà ní ọ̀nà Ọ̀dà, lẹ́yìn Àkúrẹ́, dára. Igi kòkó wà lórí rẹ̀, odò kékeré kan sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Iná ni kò sí. Ẹni tó tà á fún mi nawọ́ sí wáyà tó wà lókèèrè, ó ní, "Iná ò jìnnà." Mo gbà á gbọ́. Mo lo iná òpó níbẹ̀ fún ọdún méjì, mo sì ti ń lo sólà fún ọdún mẹ́ta báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fa iná sí ilé oko, ọ̀rọ̀ "iná ò jìnnà" yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kí ẹ tó náwó.

Láti tírànsífọ́mà abúlé dé ilé mi, kìlómítà kan àti mítà 300 ni. Nǹkan bíi mítà 50 ló wà láàárín òpó kan sí èkejì, torí náà òpó 26 ni. Èmi àti aládùúgbò mẹ́ta la dá owó rẹ̀: owó òpó, owó wáyà, owó àwọn tó gbẹ́ ihò, owó ọkọ̀ tó kó wọn wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan iná fún wa, a pa adìyẹ.

Lọ́sàn-án, kò burú. Tó bá di aago méje alẹ́, tí gbogbo abúlé ti tan fáànù àti fíríìjì, gílóòbù tèmi á pọ́n bí ògúnná. Pọ́ńpù bóhòólù á kàn máa kùn nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò ní yí. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo yọ ọ́, mo gbé e lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n tún wáyà inú rẹ̀ dì. Kò pé oṣù kan tó tún jó. Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin oníná kan tó ki ẹnu tester, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Nọ́ńbà tó yọ níbẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi dòní: volt 138. Volt ni ìwọ̀n agbára tó ń ti iná wá. Ó yẹ kó jẹ́ 230. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ńpù yín ò ṣàìsàn. Ebi ló ń pa á."

Wáyà fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nínú iná tó ń gbé. Bó bá ṣe gùn sí, tí àwọn tó ń fa iná lára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni volt á máa jábọ́ lójú ọ̀nà. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírànsífọ́mà á jẹ àjẹyó, ẹni tó wà nídìí wáyà á jẹ ìyókù. Mọ́tò tí volt rẹ̀ kò tó kò ní fi pẹ̀lẹ́ dúró; á máa fa iná tó pọ̀ jù, á gbóná, á sì jó. Mo ra stabilizer. Stabilizer kì í pèsè iná o, ìyókù yẹn náà ló ń gbé sókè, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fà sí i lára wáyà kan náà. Ilé àwọn aládùúgbò mi wá ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an, torí a jọ dáwó ni.

Ohun tó lè tún un ṣe ni kí wọ́n fa háítẹ́ńṣọ̀n, wáyà tó ń gbé iná tó le gan-an, wá sítòsí, kí wọ́n gbé tírànsífọ́mà kékeré kalẹ̀, bíi 50 kVA (kVA ni ìwọ̀n iná tó lè gbé). Owó ńlá nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wáyà tó ń kọjá lágbègbè yín jẹ́ 11 kV tàbí 33 kV (kV kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún volt), nítorí tírànsífọ́mà ọ̀kan kò ṣe é lò fún èkejì. Bí ẹ bá sì rà á tán, ilé-iṣẹ́ iná ni yóò máa ṣàkóso rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀ ni wọn yóò sì so mọ́ ọn. Ní ọdún 2015 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ iná, ṣe ìlànà lórí irú owó bẹ́ẹ̀: kí àdéhùn wà lórí ìwé kí ẹ tó náwó, kí wọ́n lè san án padà. Àwa ò béèrè ìwé kankan nígbà tí à ń ra òpó. Mo ṣì ń fi ìka àbámọ̀ bọnu lórí ìyẹn.

Ti wákàtí tí iná ń wà: fídà (wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí agbègbè) tó wà ní Band A, ìsọ̀rí tó ń rí iná jù, yẹ kó rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, Band E wákàtí mẹ́rin. Ẹ béèrè èyí tí abúlé yín wà. Ẹ sì rántí àwọn èèyàn wa ní Òkìtìpupa, Ìrèlè àti Ìlàjẹ, tí òpó àti wáyà wà níwájú ilé wọn tí wọ́n sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó wá kan sólà. Páànẹ̀lì 550 watt mẹ́fà ni mo tò sórí páànù, pẹ̀lú inverter 5 kVA (ẹ̀rọ tó ń yí iná páànẹ̀lì àti ti bátìrì padà sí irú tí ilé ń lò) àti bátìrì lithium 5 kWh (iye iná tó lè tọ́jú). Ẹ̀ẹ̀kan náà lowó rẹ̀ ń jáde, ó sì máa ń dun èèyàn. Ẹ má ra inverter kékeré: pọ́ńpù 1 HP jẹ́ 746 watt lórí ìwé, àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ó lè béèrè ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ. Aago mẹ́wàá sí aago méjì ọ̀sán lèmi máa ń fa omi sí táǹkì, tí oòrùn bá mú dáadáa, kí bátìrì lè ṣẹ́ kù fún alẹ́. Owó bátìrì asíìdì kéré lọ́jà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú.

Oṣù Keje sí Kẹsàn-án ló le jù. Kódà nínú oṣù Kẹjọ tí òjò máa ń sinmi díẹ̀, ojú ọ̀run máa ń ṣú ni. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í tan fíríìjì lóru. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo páànẹ̀lì. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kó tó gbóná. Kí ó kọjú sí gúúsù, kí ó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa ṣàn lórí rẹ̀, kí igi kankan má sì ṣíji bò ó. Mo gé ẹ̀ka igi kòkó méjì torí ẹ̀.

Olè ń jí wáyà, ó ń jí páànẹ̀lì. Bóòtù tó lágbára tí mo fi de páànẹ̀lì mọ́lẹ̀ àti ajá ni tèmi.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìlọgàrí tàbí iṣẹ́ wẹ́dà lẹ fẹ́ ṣe, iná òpó tó dáa ló yẹ yín. Ilé gbígbé àti ọgbà adìyẹ ńkọ́? Ẹ ra tester, kò wọ́n. Ẹ lọ sí ilé tó kẹ́yìn lórí wáyà abúlé náà ní aago méje àbọ̀ alẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán, kí ẹ sì bẹ onílé kó jẹ́ kí ẹ wọn iná rẹ̀. Tí nọ́ńbà náà bá ju 210 lọ, tí òpó tí ẹ máa rà kò sì ju mẹ́ta lọ, ẹ gba iná òpó. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó òpó ra páànẹ̀lì. Ẹ lè fi mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra bátìrì tó dáa kí ẹ tó ra fíríìjì.