Gílóòbù purojẹ́tọ̀ tí mo rà ní Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 2024: Nàìjíríà àti South Africa nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. A ti hó, a ti fò fún góòlù Osimhen kí rẹfirí tó wọ́gi lé e, tó sì fún àwọn South Africa ní pẹnáritì. Bí Mokoena ṣe gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ báyìí ni nǹkan dún gbàmù nínú purojẹ́tọ̀ mi. Ara ògiri ṣókùnkùn biribiri.

Èèyàn bí ọgọ́ta ló wà nínú ilé ìwòran mi ní Ayétòrò lálẹ́ ọjọ́ náà. "Owó wa dà?" Mo dá owó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sáré gba òdìkejì títì lọ. Ariwo wọn ni mo fi mọ̀ pé a borí, 4-2, nínú pẹnáritì tí wọ́n fi parí eré. Èmi ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣa àfọ́kù gíláàsì.

Gílóòbù yẹn kò tíì lo oṣù méjì! ₦95,000 ni mo rà á. Purojẹ́tọ̀ náà fúnra rẹ̀, tòkúnbọ̀, ₦130,000 ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo rà á pé gílóòbù rẹ̀ máa ń tán bí epo inú fìtílà.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi tí mo ti ra gílóòbù. Wọn kò tíì ṣí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá. Ọmọbìnrin tó ń gbowó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu omi fún mi. Ìgbà tí mo tú ọ̀rá tí mo kó àfọ́kù sí ni ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ má bínú sà, a kì í gba ọjà iná padà." Mo ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú rìsíìtì. Ó nawọ́ sí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn o! Ẹni tó ti sanwó, tó ń jáde lọ, nìkan ló lè rí i kà.

Alájì tó ni ṣọ́ọ̀bù dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Kò tilẹ̀ wo gílóòbù náà. Ó ní iná tí wọ́n ń mú lọ mú bọ̀ ládùúgbò mi ló pa á, àti pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọjà náà wọlé. Orí mi gbóná. Mo ní ojú mi ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fi ìka lásán di gíláàsì náà mú nígbà tó ń wọ̀ ọ́.

Ni ọmọkùnrin kan bá dìde láti ibi tó ti ń jó lẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn. "Èmi ni, Alájì. Mo gbàgbé láti wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n."

Inú mi rọ̀. Níwájú ọ̀gá rẹ̀ ló ti sọ ọ́! Ó tú ẹ̀rọ náà, ó fi eruku tó dí ihò atẹ́gùn hàn mí. Ó ní mẹ́kúrì ló wà nínú gílóòbù yìí, kì í ṣe wáyà tín-ín-rín bíi ti gílóòbù inú ilé àtijọ́. Epo ara ìka lára gíláàsì máa ń jẹ́ kí ooru kó sójú kan, á sì sán. Tí iná bá sì lọ lójijì, fáànù inú ẹ̀rọ kú nìyẹn kí gílóòbù tó tutù. Ó ní kí n wá UPS kékeré, bátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀ tí wọ́n bá mú un lọ, tí yóò máa gbé fáànù. Mo ti rà á.

Alájì gba ₦45,000 lórí òmíràn. Ọmọ náà fi ìbọ̀wọ́ wọ̀ ọ́, ó gbá eruku kúrò, ó sì dá òǹkà wákàtí tí gílóòbù ti lò nínú ẹ̀rọ padà sí òdo, èyí tí wọn kò ṣe nígbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 11, a rí góòlù tí Troost-Ekong fi orí kàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ivory Coast ló padà gba ife. Gílóòbù náà ṣì ń tàn dòní, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn náà ni mo sì máa padà sí.

Ṣùgbọ́n ₦140,000 ni mo ti ná lórí gílóòbù ẹ̀rọ ₦130,000. Mo sì yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.