Mo gbé apá lọ, mo gbé àpá bọ̀: iṣẹ́ abẹ apá tí mo ṣe l'Ékòó

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́, mo ti sọ fáwọn kan pé ó dìgbà tó bá pé oṣù mẹ́wàá kí n tó sọ bó ṣe rí, torí ẹni tó bá ń yin iṣẹ́ abẹ yìí lọ́sẹ̀ kejì, inú dídùn ló ń bá a sọ̀rọ̀, kò tíì rí nǹkan kan.

Télọ̀ ni mí. Ó ti lé lọ́dún 16 tí mo ti ń ránṣọ, bùbá o, gáùn o, aṣọ ẹbí o, mo mọ ìwọ̀n apá gbogbo obìnrin àdúgbò wa, àmọ́ tó bá ti kan tèmi, alápá gígùn ni, ooru ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀. Mo sanra tẹ́lẹ̀, kílò 118 ni mo wà lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì mi, dókítà wá dẹ́rù bà mí pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọjú, ni mo bá dín oúnjẹ kù, mo ń rìn láàárọ̀, kò yá o, ọdún méjì ààbọ̀ ló gbà mí kí n tó bá ara mi ní 79. Gbogbo èèyàn ń kí mi kú oríire. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú apá aṣọ.

Awọ ló wà ńbẹ̀. Awọ lásán, ó ń fì dirodiro, ohun táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní Christian mother. Tí mo bá nawọ́ gé aṣọ lórí tábìlì, òun lá kọ́kọ́ balẹ̀ kí ọwọ́ mi tó balẹ̀. Kẹ́hìndé mi a máa fi ìka ta á títí oorun á fi gbé e lọ, ó ní ó tutù. Tí ooru bá dé, abẹ́ rẹ̀ á máa yún mi, á bó, pọ́ńdà ni mo máa ń dà sí i bíi ti ọmọ ọwọ́.

Ẹ ò ní sọ pé mi ò gbìyànjú. Mo ra kírìímù, mo fi nylon wé e sùn, mo gbé irin ní jíìmù oṣù mẹ́jọ gbáko, ẹni tó ń kọ́ wa ní kí n ṣáà máa bá a lọ. Iṣan apá mi le o, mi ò ní parọ́, àmọ́ awọ yẹn ò mira. Ìgbà tó yá ni mo wá ronú ẹ̀ bíi télọ̀, pé ẹni tó wọ aṣọ tó fẹ̀ jù ú lọ, kó sáré dé Badagry, kó sáré padà, aṣọ yẹn ò ní dín, àfi kó gbé e fẹ́ni tó máa gé e. Awọ tó ti nà kọjá agbára ẹ̀ kì í sún kì padà mọ́. Ọ̀rá ni eré ìdárayá ń jó.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé awọ apá tó ti dẹ̀ kúrò ni brachioplasty. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ liposuction o, ìyẹn ọ̀rá ni wọ́n ń fi rọ́bà fà jáde, ó dáa fẹ́ni tí awọ ẹ̀ ṣì le, àmọ́ tí wọ́n bá fa ọ̀rá lábẹ́ awọ tó ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀, ńṣe lá túbọ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí àpò tí wọ́n da gàárì inú ẹ̀ nù.

Wíwá dókítà ló gbà mí lákòókò jù. Orí Instagram kún fọ́fọ́, òmíì ń ṣe promo ọdún, san owó apá kan kó o gba ìkejì lẹ́dínwó, mo ní ha, ẹran ni àbí èèyàn? Ọ̀rọ̀ ọdún 2020, nígbà tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, lọ ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa l'Ékòó lẹ́yìn tí obìnrin kan kú, ò kúrò lọ́kàn mi. Nítorí náà mo kọ́kọ́ yẹ orúkọ dókítà wò lọ́dọ̀ MDCN, àwọn tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mo tún wá bi í lójúkojú pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé dókítà lásán ni yín àbí ẹ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ara ní pàtó? Kò bínú. Ó fi ìwé ẹ̀ hàn mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó ń béèrè ò pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀.

Ohun kejì tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ó lé mi padà sílé. Ó ní mo ṣì ń fọn, kí n jẹ́ kí kílò mi dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà ná, torí tóun bá gé e tán tí mo tún fọn, awọ míì á tún dẹ̀, tí mo bá sì sanra padà, á fa ojú àpá fẹ̀. Ẹni tó ń wá owó nìkan ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó bi mí ṣé mò ń mu sìgá, mo ní rárá, ó ní sìgá kì í jẹ́ kí ojú abẹ tètè jiná. Ó ní kí n sinmi àgbo àti aspirin ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí ẹ̀jẹ̀ lè má tètè dá. Ó gbé etí mi wò, ó bi mí ṣé ibi tí wọ́n lu wú rí, ó wo ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà léjìká mi. Mo ní kò wú. Ó ní ó dáa, àmọ́ dúdú ni wá, àpá tiwa lè wú nígbàkígbà.

Ó wá fi bírò fa ìlà kan sápá mi láti abíyá dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní ‘ma, ibí ni àpá máa wà, gígùn ẹ̀ nìyí, títí láé ni, kì í parẹ́. Tí ẹ bá lè wo ìlà yìí ní gbogbo ọjọ́ láì sunkún, ẹ padà wá. Tí ẹ ò bá lè wò ó, ẹ jẹ́ ká pa á tì.’ Mi ò nu ìlà yẹn kúrò, ó wà lápá mi fọ́jọ́ mẹ́ta. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ojú àpá ò lè jọ ojú ara, mo mọ̀, mo sì padà lọ.

Owó ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà. Bàbá Ìbejì ní ‘Ìyá Ìbejì, owó tó ra jẹnẹrétọ̀ ńlá nìyẹn o.’ Mo ní jẹnẹrétọ̀ ò lè bá mi wọ bùbá. Ó dákẹ́, ó wá fi díẹ̀ kún un lálẹ́ ọjọ́ kejì, Ọlọ́run bá mi bù kún un.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn, ibi tí mo gbádùn jù nìyẹn, ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Ó ní kí n dúró, kí n gbé apá méjèèjì sókè, kí n tẹ ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tí sójà mú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì. Ẹ gbọ́, mo ti rí télọ̀, àmọ́ bàbá yìí, téèlọ̀ pọ́nńbélé ni! Ó fa ìlà tòkè, ó fi ìka méjì fún awọ pọ̀ kó mọ ibi tí ìlà ìsàlẹ̀ máa wà, ó tún fún un pọ̀ ní bíi ọ̀nà márùn-ún, ó wá fa ìlà kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó lè mọ ibi tó máa pàdé ibi, bí èmi náà ṣe máa ń sàmì sára apá aṣọ kó má bàa lọ́. Mo ní dókítà, ẹ gé e dáadáa kó lè fún. Ó ní rárá, tóun bá gé jù, etí méjèèjì ò ní pàdé mọ́ torí apá máa ń wú lórí tábìlì níbẹ̀, aṣọ ṣeé lẹ̀, ara ò ṣeé lẹ̀. Mo panu mọ́.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n ní wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, mi ò mọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo jí, ọ̀fun mi gbẹ, apá méjèèjì wà lórí ìrọ̀rí bíi ti ọba, rọ́bà tín-ín-rín kan jáde ní apá kọ̀ọ̀kan wọ inú ike kékeré, omi ẹ̀jẹ̀ ń kán síbẹ̀. Ìrora ẹ̀ ò tó ti ọmọ bíbí. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé èèyàn ò lápá mọ́! Mi ò lè wẹ̀ fúnra mi, mi ò lè de kọ́mú, gèlè ńkọ́? Gbàgbé. Bàbá Ìbejì ló ń fún mi ní ògì lẹ́nu, ó ń fẹ́ ẹ bíi pé ọmọ oṣù mẹ́fà ni mí. Wọ́n ní kí n má gbé ọwọ́ kọjá èjìká fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n má gbé nǹkan wúwo fún mẹ́fà.

Ó yá, ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ilé ìwòsàn yẹn rèé, mi ò ní dárúkọ wọn. Aṣọ tó máa ń fún apá mọ́ra, tí wọ́n ní kí n wọ̀ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí nínú owó tí mo san, ìgbà tí mo ń múra àtilọ sílé ni ọmọbìnrin tó wà níwájú ń kà á fún mi, ₦65,000 ẹyọ kan, ó sì yẹ kéèyàn ní méjì kó lè máa fọ ọ̀kan. Èmi tí mò ń ránṣọ, mo wo ojú rírán ẹ̀, mo kàn mí kanlẹ̀ ni. Ooru ẹ̀ tún wá ńkọ́, NEPA ò sí, ẹ fojú inú wò ó.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan, ọ̀sẹ̀ kejì. Mo rí i pé ojú rírán lábẹ́ abíyá ọ̀tún ti là, ó tó ìka kan, omi ń jáde. Nọ́mbà WhatsApp tí wọ́n ní ó máa ń ṣí tọ̀sán-tòru, mo pè é títí, mo fi fọ́tò ránṣẹ́, kò séèyàn. Aago mọ́kànlá àárọ̀ Monday ni wọ́n tó dáhùn pé ‘good morning ma, how may we help you.’ Mo ti sunkún tán nígbà yẹn. Dókítà fúnra ẹ̀ gbọ́, ó ní kí n máa bọ̀ kíákíá, ó ní abíyá ló sábà máa ń là torí ibẹ̀ ló ń fà jù tó sì máa ń tutù, kò tún un rán, ó ní kí wọ́n máa dì í, á jiná fúnra ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà, ó jiná lóòótọ́. Àmọ́ alẹ́ Sunday yẹn, mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Nǹkan míì tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè: inú apá mi lápá òsì kú, lẹ́bàá ìgbọ̀nwọ́ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi pé iṣan ìmọ̀lára kan gba ibẹ̀ kọjá, mo ní ṣebí ìyẹn ò burú. Oṣù kẹta, mo padà sídìí iṣẹ́, mò ń lọ aṣọ, mo kàn ń gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó. Mo rò pé léèsì oníbàárà ni, àyà mi já, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣe nǹkan kan. Apá mi ló kan áyọ̀ọ̀nù! Ọmọṣẹ́ mi ló pariwo. Ó ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí, ó ń ta mí ṣín-ín ṣín-ín, àmọ́ mi ò fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sún mọ́ iná.

Kí ẹ sì mú àkókò tó dáa. Èmi ṣe tèmi nígbà tí aṣọ ẹbí ń bọ̀ wìtìwìtì, mo dá aṣọ bíi ogójì padà, mo san owó fáwọn tó bá mi rán ìyókù, kò sẹ́ni tó bá mi kà á mọ́ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ yẹn. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún, nígbà tí ọjà tutù, ìgbà yẹn ló dáa, ooru nìkan lẹ máa bá jà.

Ẹ jẹ́ ká wọn apá wàyí. Téèpù kan náà tí mo fi ń wọn yín: ọ̀tún jẹ́ ínǹṣì 18 tẹ́lẹ̀, ó di 13 ààbọ̀. Òsì di 13. Ààbọ̀ ínǹṣì ni wọ́n fi ju ara wọn lọ, ẹ̀yin ò lè rí i, èmi ń rí i, mo sì ti sọ fún dókítà, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ju ara wọn lọ kóun tó fọwọ́ kàn án, ó sì fi fọ́tò àtijọ́ hàn mí, òótọ́ ni. Àpá tòsì ti fẹjú díẹ̀, ó dúdú, ó tẹ́jú. Tọ̀tún, ní ibi tó là yẹn, ó wú sókè bíi okùn ní oṣù karùn-ún, ó ń yún mi, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ó ti ń rọ̀, mo tún ń fi jẹ́ẹ̀lì silicone pa á. Dókítà ní ó lè tó ọdún kan ààbọ̀ kí àpá tó mọ ibi tó máa jókòó sí. Owó abẹ́rẹ́ yẹn náà ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kà fún mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Máàkì tí mo fún dókítà, 9 nínú 10. Ilé ìwòsàn, 4, mẹ́rin yẹn náà, torí nọ́ọ̀sì alẹ́ kan tó ń pè mí ní Mọ́mì tó sì bá mi fọ eyín ni.

Tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, màá ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo rán gáùn àǹkárá kan tí kò lápá rárá, mo wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà Balógun láti ra òwú, ìyá kan wo àpá mi títí, ó ní ‘ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìjàm̀bá mọ́tò ni?’ Mo ní rárá ma, télọ̀ ló rán an. Bùbá alápá gígùn mẹ́tàlélógún ló wà nílé tí mi ò wọ̀ mọ́, tí mi ò sì lókun àtitún un gé. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá gbé e.