Ọ̀já Ìkúnlẹ̀ Abẹ́ Ìlẹ̀kùn fún Iṣan Ẹ̀yìn Itan: Àyẹ̀wò Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́rin

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ju ọ̀já fífẹ̀ kan lọ, tí wọ́n rán rọ́bà ribiti kan mọ́ ní ìdí. Ènìyàn yóò ti rọ́bà náà gba abẹ́ ìlẹ̀kùn bọ́ sí òdìkejì, yóò ti ìlẹ̀kùn pa, yóò kúnlẹ̀, yóò sì ki ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ inú ọ̀já. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ẹsẹ̀ mú, kí ẹni tí ó dá wà nílé lè ṣe eré ìdárayá tí àwọn físíò, ìyẹn àwọn tí ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ń pè ní Nordic (ènìyàn yóò kúnlẹ̀, yóò sì rọra fi ara sọ̀ kalẹ̀ síwájú) láìwá ẹni tí yóò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ra tèmi ní ₦16,500 lọ́wọ́ ẹnì kan tí ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn tí iṣan ẹ̀yìn itan mi ọ̀tún, èyí tí gbogbo eléré mọ̀ sí hamstring, fà níbi tí mo ti ń sá 200 mítà.

Ọ̀rọ̀ ara páálí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá jà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń wo iṣan tí ó ya sàn. Ọ̀já kì í wo iṣan sàn, ẹni tí ó bá sì gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya iṣan náà sí i. Bí a bá ń sáré tete, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó tún kan ilẹ̀, itan ti nà síwájú, orúnkún sì ń nà. Iṣan ẹ̀yìn itan ni ó ń fa ojúgun sẹ́yìn kí ó má baà jù kọjá ààyè rẹ̀. Ó ń gùn, ó sì ń gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ó ti sábà máa ń fà, pàápàá orí gígùn biceps femoris, ọ̀kan nínú àwọn iṣan ẹ̀yìn itan, tí ó wà ní ìhà òde. Ẹni tí ó bá wo Usain Bolt bí ó ṣe tiro, tí ó sì ṣubú ní àṣekágbá eré 4x100 mítà ní London ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, kò nílò àlàyé lọ títí. Irú iṣẹ́ gígùn-lábẹ́-ẹrù yìí ni Nordic ń kọ́ iṣan, ìdí nìyẹn tí àkójọ ìwádìí fi fi hàn pé ó lè dín ìfarapa yìí kù dé nǹkan bí ìdajì láàárín àwọn eléré tí wọ́n ń ṣe é déédéé. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo púpọ̀ fún iṣan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya.

Físíò tí ó tọ́jú mi kò jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan ọ̀já náà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí n máa sùn kiri. Ní ọjọ́ kẹta ni ó ti ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí n ká orúnkún, kí n sì máa gbé ìbàdí sókè díẹ̀díẹ̀, níwọ̀n tí ìrora kò bá ti ju ohun tí mo lè mú mọ́ra lọ. Ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní Denmark ní 2017 fara mọ́ ọn: àwọn eléré tí iṣan itan tàbí ti ẹ̀yìn ojúgun wọn ya, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù lé e ní ọjọ́ kejì, padà sẹ́nu eré ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú àwọn tí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹsàn-án. Ní Sweden ẹ̀wẹ̀, Carl Askling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà ìtọ́jú méjì wé ara wọn láàárín agbábọ́ọ̀lù 75 ní 2013. Àwọn tí wọ́n ṣe èyí tí ń na iṣan bí ó ti ń ṣiṣẹ́ padà lẹ́yìn ọjọ́ 28 ní ìpíndọ́gba. Àwọn yòókù lo ọjọ́ 51. Kò sí èyí tí ó nílò ọ̀já nínú eré ìdárayá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ọ̀nà yẹn. Ọ̀kan nínú wọn kò béèrè ju pé kí ẹsẹ̀ kan máa yọ̀ sẹ́yìn lọ, ìbọ̀sẹ̀ àti táìlì pálọ̀ sì ti tó fún un.

Nígbà tí àkókò ọ̀já wá tó, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ńṣe ni mo ń ṣubú síwájú bí pákó, tí mo ń fi ọwọ́ gba ara mi, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lẹ́ẹ̀kan. Itan mi sì ro mí fún ọjọ́ méjì. Ní oṣù kẹta mo ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ́ẹ̀kan, láìjẹ́ kí ìbàdí ká.

Rírán ọ̀já náà lágbára, kò sí okùn kan tí ó tú. Fóòmù orúnkún rẹ̀ kò dára rárá lórí táìlì. Ìrọ̀rí tí mo ṣẹ́ po ni mo ń lò. Ìlẹ̀kùn pákó tí ó wúwo, tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ kéré, ni ó yẹ ẹ́, nítorí rọ́bà náà yóò yọ jáde bí àlàfo bá pọ̀. Kí ó sì jẹ́ ìlẹ̀kùn tí ẹ lè fi kọ́kọ́rọ́ tì: ọmọ mi ọkùnrin ṣí tiwa nígbà tí mo wà láàárín ìsọ̀kalẹ̀, imú ni mo fi kan ilẹ̀.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò nílò rẹ̀, nítorí ẹnì kan lè tẹ ẹsẹ̀ ẹnì kejì mọ́lẹ̀ lórí pápá láìná kọ́bọ̀. Asáré tí ó ń dá ṣe ìgbáradì ni mo lè sọ fún pé kó rà á, pàápàá ẹni tí iṣan yìí ti fà rí, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń tún fara pa. Kí ó má ṣe fi rọ́pò sísá eré fúnra rẹ̀: orúnkún nìkan ni Nordic ń ṣiṣẹ́ fún, bẹ́ẹ̀ iṣan náà kọjá ìbàdí pẹ̀lú.

Irin tí a fi ń fún ọ̀já náà le bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní oṣù kejì. Ẹni tí ó tà á fún mi fi òmíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sì gba owó ọkọ̀.