Idà Sikh láti ọwọ́ agbẹ̀dẹ Ọ̀yọ́: irin dára, èèkù kò tọ̀nà

Àwọn agbẹ̀dẹ kan wà lẹ́bàá Ọjà Akẹ́sán l'Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń rọ ohun ìjà àwọn Sikh (ẹlẹ́sìn kan láti ilẹ̀ Punjab, ní India àti Pakistan) fún ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé àti ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ìtàn. Ẹrù kan jẹ́ idà talwar pẹ̀lú àkọ̀ rẹ̀, asà kan, àti òrùka irin méjì tí wọ́n ń pè ní chakkar, tí àwọn jagunjagun Sikh máa ń fi sórí láwàní, tí wọ́n sì ń jù mọ́ ọ̀tá.

Irin spring ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi rọ idà náà. Wọ́n fi ewìrì fẹ́ iná sí i títí ó fi pọ́n bí ọsàn, wọ́n wá tì í bọ òróró. Omi kò dára fún un, torí irin spring a máa sán nínú omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún yá a níná díẹ̀, kó má baà le débi tí yóò fi dá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń padà sípò. Wọn kò pọ́n ojú rẹ̀, bó sì ṣe yẹ fún orí ìtàgé nìyẹn. Àkọ̀ rẹ̀ ló wú ni lórí jù: igi pẹlẹbẹ méjì, awọ ewúrẹ́ tí wọ́n rẹ sómi kí wọ́n tó fà á bò ó, ojú rírán wà lẹ́yìn. Awọ tó bá gbẹ mọ́ igi báyìí kì í tú bọ̀rọ̀. Iṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ ṣì ni iṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́.

Èèkù ló bà á jẹ́. Bí Yorùbá bá ní ọwọ́ ẹni ti tẹ èèkù idà, agbára dé nìyẹn. Ti idà yìí, ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Wọ́n ṣe é gùn bí i ti àdá oko. Èèkù talwar kúrú, ìka mẹ́rin ló gbà há-há, àwo irin róbótó sì wà ní ìdí rẹ̀ tó há ọwọ́ mọ́bẹ̀. Orí ẹṣin ni wọ́n ti ń lò ó: ẹni tó ń sáré kọjá ń fa ojú idà gba ara ọ̀tá ni, àwo yẹn ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀.

Èèkù kúkúrú yẹn bá bí àwọn Sikh ṣe ń jagun mu. Banda Singh, ọ̀gágun Sikh, gba ìlú Sirhind ní Punjab ní 1710, àwọn Mughal tó ń jọba India nígbà náà pa á ní Delhi ní 1716. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Sikh kò kojú ogun ńlá ní gbangba mọ́. Wọ́n á kọlù, wọ́n á sá, bí àwọn tó ń lé wọn bá ti fọ́nká, wọ́n á yí padà. Dhai phat ni wọ́n ń pè é, ìkọlù méjì ààbọ̀. Ní 1762 ni ọgbọ́n yẹn kùnà: Ahmad Shah Abdali, ọba Afghanistan, ká wọn mọ́ àwọn ìyàwó àti ọmọ wọn, wọn kò lè sá fi wọ́n sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Síbẹ̀, ní 1764 wọ́n tún gba Sirhind.

Ìwé pélébé tó bá ẹrù wá ní Ranjit Singh, ọba Sikh kan, ló dá Khalsa sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Sikh tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Guru Gobind Singh, aṣáájú kẹwàá ẹ̀sìn Sikh, ló dá a sílẹ̀ ní Anandpur ní 1699; ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1799, ni Ranjit Singh gba ìlú Lahore. Kí olùkọ́ ya ìwé náà sọ́tọ̀.

Asà kò lábùkù: kókó irin mẹ́rin iwájú ló di okùn ọwọ́ ẹ̀yìn mú. Ṣùgbọ́n irin ọ̀pá ni wọ́n fi ká chakkar, nígbà tó jẹ́ pé irin pẹlẹbẹ ni ojúlówó rẹ̀, etí ìta ló sì mú. Ẹ fi sórí láwàní, ẹ má jẹ́ kí ọmọ jù ú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ ẹni tó máa lo idà wọn èèkù rẹ̀. Wọ́n ń gbà láti gé e kúrú, bí wọn kò bá tíì kan ìṣó rẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ yọ idà kúrò nínú àkọ̀, ẹ fi òróró pa á. Awọ a máa fa omi, irin á sì dógùn-ún láti inú wá.