Camry Big Daddy tàbí Honda Accord: èyí tí mo rà l'Óṣogbo

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń sáré láàárín ọkọ̀ àlòkù méjì: Camry 2004, Big Daddy onílítà 2.4, àti Honda Accord V6 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà) tí wọ́n ní 2004 ni. Owó wọn kò jìnnà síra. Òṣogbo sí Ìlá ni mo máa ń ná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tí kò ní yọnu sí mi lọ́nà ni mo ń wá.

Honda ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, bí mo sì ṣe wà á láti Ìgbóna dé Òkè-Fìà, ṣe ló ń fò. Mẹkáníìkì mi ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì yẹn, ó ti gbóná kí ẹ tó dé. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a láàárọ̀ kùtù, nígbà tó ṣì tutù."

A lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣáná sí i, tí mo fi jíà sí D, ó dúró díẹ̀, ó wá já gbì! Mẹkáníìkì fa ọ̀pá ọ́ìlì jíà yọ, ó nù ún sára áńkáṣíìfù funfun. Ó dúdú bí àdín, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Mi ò dá Honda lẹ́bi. Ẹni tó ń lò ó ni kò tọ́jú rẹ̀. Kò lè sọ ìgbà tó pààrọ̀ timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì yí bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ V6 yẹn, bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já lórí eré, inú ẹ́ńjìnnì ló máa bàjẹ́. Ní ti Camry 2.4, ṣéènì ló ń lò dípò bẹ́líìtì. Èyí tó wá dùn mí jù ni nọ́ńbà ṣáásì: lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kẹwàá níbẹ̀ ló ń sọ ọdún ọkọ̀. 3 ni mo bá níbẹ̀. 2003 ni wọ́n ń tà fún mi ní 2004!

Camry ò dára lójú rárá. Ọ̀dà ti bó, ṣọ́ọ̀kì iwájú ń ró kó-kó-kó nínú gbogbo kòtò. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó bà mí ni àwọn bóòtù (bolt) tó di orí ẹ́ńjìnnì 2.4 yẹn mú lẹ́yìn, tó máa ń tú nígbà mìíràn, tí omi á máa jò, tí ọkọ̀ á sì máa gbóná. Mẹkáníìkì tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀: gbígbẹ fúrúfúrú. A fi í sílẹ̀ láìpa á fún ogójì ìṣẹ́jú, ọwọ́ tó ń fi ìgbóná hàn kò kọjá ìdajì. Ọ́ìlì jíà rẹ̀ pupa, ó mọ́.

Òun ni mo rà. Oṣù márùn-ún rèé. Mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. AC ò tíì tutù, fèrèsé la máa ń ṣí títí a ó fi kọjá Ìkìrun.