Ilẹ̀kùn awakọ̀ àti àyẹ̀wò èrò: èwo ló ń dáàbò bo ọkọ̀ òfuurufú jù?

Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò èrò le sí i, ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ náà sì yí padà.

Àyẹ̀wò ni gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yìn ọ̀tá ló ń tọ̀: apániláyà kan, Richard Reid, gbé bọ́ǹbù sínú bàtà wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ní ká máa bọ́ bàtà, lọ́dún 2006, àṣírí àwọn tó fẹ́ fi nǹkan olómi ṣọṣẹ́ tú ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin pé ike nǹkan olómi tí èrò bá gbé wọlé kò gbọdọ̀ ju 100 mílílítà lọ dé.

Ilẹ̀kùn yàtọ̀. Amẹ́ríkà fún àwọn ọlọ́kọ̀ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2003 láti fi èyí tí ọta ìbọn kì í tètè lu sí i. Ohun yòówù tí apániláyà ì báà mú wọlé, kò ní rọrùn fún un láti dé ìdí ọkọ̀. Òun ni mo fara mọ́ jù.

Ó ní ewu tirẹ̀ o. Lóṣù Kẹta ọdún 2015, igbákejì awakọ̀ kan ní Germanwings, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Jámánì, ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀gá rẹ̀ síta, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ náà sọ òkè Alps, ènìyàn 150 sì kú. Ó ń dùn mí títí di òní: ọ̀gá náà kan ilẹ̀kùn títí, kò ṣí.